Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ Bàbá Mi

Ẹ bá mi dín ohùn fóònù yẹn kù ná. Mi ò ní kí ẹ pa á o. Gbogbo yín tí ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi yìí, kálukú ló ní sinimá tirẹ̀ lọ́wọ́, kálukú ló ń dá rẹ́rìn-ín, ẹnìkan ò sì mọ ohun tó ń pa ẹnìkejì lẹ́rìn-ín. Láyé tiwa, èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ló ń wo tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, tí ojú rẹ̀ ò fẹ̀ ju ọpọ́n ayò lọ. Èmi ni mo sì máa ń sọ ohun tí wọ́n ń wò fún wọn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Ore níbí nìyẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, kí n tó padà sídìí kòkó. Bí ẹ bá wá gbogbo Odigbo láti òkè dé ilẹ̀ lónìí, ẹ ò ní rí ẹnìkan tó ń ṣe é.

Ògbufọ̀ ilé fídíò ni wọ́n ń pè mí. Ilé fídíò náà wà lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí àwọn tó ń lẹ táyà wà báyìí. Baba Rafíù ló ni ín, ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò, tó máa ń kírun tán kó tó tan jẹnẹrétọ̀. Pákó la fi ṣe ògiri, páànù la fi bò ó. Bí òjò bá ń rọ̀, a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí oòrùn bá sì mú, òógùn la ó fi wẹ̀. Òórùn ibẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi: èéfín bẹntiróò, kòkó tútù lára aṣọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, àti fùfú tí obìnrin kan ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo ń fi òwú àti sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á gbé téépù mì, n ó máa fi ìka fà á jáde díẹ̀díẹ̀, gbogbo èèyàn á sì dákẹ́ bí ìgbà tí aboyún ń rọbí nínú yàrá.

Òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, ta ló gbọ́ ọ? Àwọn awakọ̀ gbọ́ píjìn, àwọn ará oko ò gbọ́ ọ̀kan. Èmi ka ìwé mẹ́fà, nítorí náà wọ́n gbà pé mo gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdajì ohun tí mo ń sọ fún wọn, irọ́ ni. Òyìnbó a máa yára sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí obìnrin kan bá ń sunkún tí mi ò mọ ohun tó ṣe é, n ó ní wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé ni. Bí ọkùnrin méjì bá wọ̀yá ìjà, n ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Mo ní gbohùngbohùn kan, irú èyí tí àwọn ajíhìnrere ń gbé kiri, n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, n ó máa fi Ìkálẹ̀ wa sọ ọ́. Mo ní ohùn ọmọdé, mo ní ohùn obìnrin, mo sì ní ohùn ńlá kan tí mo ń fà yọ látinú ikùn fún bọ́ọ̀sì.

Ẹ ò mọ bọ́ọ̀sì. Nínú fíìmù gbogbo, èèyàn méjì péré la mọ̀, ákítọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Ákítọ̀ ni ẹni rere, ẹni tí ìbọn kì í bà. Bọ́ọ̀sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ákítọ̀ bá yọ, ariwo á sọ. Bí bọ́ọ̀sì bá kú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ títí páànù á fi máa gbọ̀n. “Ákítọ̀ kì í kú,” ohun tí àwọn ọmọdé ń pariwo nìyẹn, èmi náà á sì bá wọn sọ ọ́ láti inú gbohùngbohùn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Òyìnbó ni ákítọ̀ wa. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ òyìnbó nígbà gbogbo. Mo máa ń sọ wọ́n lórúkọ, Akin lọ́sẹ̀ yìí, Ọlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè dà bí ọmọ wa. Ìyá kan láti Omifunfun gbààwẹ̀ odindi ọjọ́ kan nítorí ọmọ òyìnbó tó ń ṣàìsàn nínú apá kìíní fíìmù kan, kí apá kejì tó dé. Nígbà tí ọmọ náà yè nínú apá kejì, obìnrin yẹn jó.

Àwọn dúdú náà wà níbẹ̀ o. Wọ́n ń ru ẹrù. Wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òyìnbó lára. Bí afárá bá já, àwọn ló ń kọ́kọ́ já sódò, ẹnikẹ́ni kì í sì dúró wò bóyá wọ́n yè é. Bí wọ́n bá wá pọ̀ nínú igbó, tí wọ́n ń fò sókè tí wọ́n ń ké, a ti mọ̀ pé àwọn ni bọ́ọ̀sì. Àwa tí a jókòó síbẹ̀, tí àwọ̀ wa kò yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ̀rín la fi ń wò wọ́n títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ará ìgbẹ́ ni mo ń pè wọ́n nínú gbohùngbohùn, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn. Nígbà Kérésìmesì, tí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré ákítọ̀ ní gbangba, ìjà ló ń dá sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ará ìgbẹ́. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn ni wọ́n á fi eérú kùn lójú, á máa sunkún. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa iṣẹ́ yẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn mi dá lé. Fíìmù tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará Ṣáínà àti ti Íńdíà, torí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Etí mi ò yára, ojú mi ló yára. Bí mo bá ti rí lẹ́tà nísàlẹ̀, ojú mi á lọ síbẹ̀, ẹnu mi á tẹ̀ lé e, etí mi á di. Àárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ohùn ara mi, mi kì í gbọ́ ohun tí ẹni inú fíìmù ń sọ rárá. Kò tilẹ̀ wúlò fún mi, torí bí mo bá gbọ́ Ṣáínà, kí ni n ó fi ṣe?

Bàbá mi ń gbé Ajue. Àgbẹ̀ kòkó ni, bàbá ìjọ sì ni, ọkùnrin tín-ínrín kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Òun ló máa ń gbé ife oúnjẹ Olúwa yí ìjọ ká ní ọjọ́ ìsinmi tó bá ṣáájú nínú oṣù. Ó ní aago ọwọ́ kan tí ìjọ fi ta á lọ́rẹ, kì í bọ́ ọ, ì báà jẹ́ nínú oko. Iṣẹ́ ilé fídíò ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí oníwàásù bá ti ọ̀nà jíjìn wá nígbà ìkórè, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi ní Ore kí n wá ṣe ògbufọ̀. N ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù lórí pẹpẹ, bàbá mi á gbé orí sókè nínú àga rẹ̀, á máa wo àwọn èèyàn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ ọ, ọmọ òun ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àwọn òyìnbó kan wá sí Ajue pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá mẹ́ta. Ọkùnrin kan láti ìlú ńlá ló mú wọn wá. Ó ní wọ́n fẹ́ ya fíìmù nínú igbó wa, àwọn ará abúlé náà á sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ irú ayọ̀ tí ìyẹn jẹ́? Ní gbogbo gáréèjì Ore, mo ń fọ́nnu pé àwọn èèyàn mi ń lọ sínú fíìmù, àwọn awakọ̀ sì ń pè mí ní ọmọ ákítọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ní páànù orí ilé wa ń ba abúlé jẹ́, wọ́n ní kí àwọn èèyàn gé imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Wọ́n ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́, kí wọ́n kó àga wọlé, kí wọ́n ká aṣọ orí okùn, kí wọ́n tú agogo ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìgbà tí abúlé tí a fi ọwọ́ wa kọ́ kò jọ ibi tí èèyàn ń gbé mọ́ ni wọ́n tó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù. Wọ́n so ìko mọ́ wọn nídìí, wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n lójú, wọ́n so eegun màlúù mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín ara wọn, wọ́n rò pé irú eré tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì ni. Bàbá mi ni wọ́n fi ṣe ọba nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ aago. Ojú ibi tí aago máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ ju ara yòókù lọ, wọ́n fi ẹ̀dú kùn ún, òógùn sì ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Mi ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni ní Ore, Baba Rafíù ò sì lè dá mi sílẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní wọ́n so ọkùnrin òyìnbó kan mọ́ òpó láti àárọ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe. Oòrùn wà lójú rẹ̀ gan-an, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ara rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn nìyẹn, ó rò pé wọ́n ti gbàgbé ọkùnrin náà síbẹ̀ ni. Nígbà tó kan òun láti sọ̀rọ̀, ọkùnrin ìlú ńlá yẹn ní kó sọ ohunkóhun tó bá wù ú ní èdè rẹ̀, kó ṣáà bínú. Inú bàbá mi ti bí kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí òpó, ó ní, “Ẹ tú u sílẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ẹ́ pa ọma ọlọ́ma. Ẹ bu omi fún un.” Ọma la ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin tí wọ́n bí s'Ékòó.

Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n tú ọkùnrin náà, tí wọ́n fún un lómi. Bàbá mi gbà pé ọ̀rọ̀ òun ló ṣiṣẹ́. Ó sọ ìtàn yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, ó sọ ọ́ fún àwọn àna mi. Mo bi í bóyá gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Èyí tó kù, ó di ọjọ́ tí fíìmù bá dé.”

Ó tó ọdún méjì kó tó dé. Awakọ̀ kan ló bá wa rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà l'Ékòó. Wọ́n ya òyìnbó kan tó gbé ìbọn sí ara páálí rẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké tó fi ìyẹ́ sórí wà lẹ́yìn rẹ̀. Baba Rafíù ní ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ará Ajue. Ọjọ́ ìsinmi la dá, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n kún inú ọkọ̀ akẹ́rù kan wá, tàwọn ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, wọ́n ń kọrin. Àga tó ní apá la gbé kalẹ̀ fún bàbá mi níwájú pátápátá. Ó wọ agbádá, ó de aago mọ́wọ́. Ó yẹ kí n ti wo fíìmù náà ṣáájú, ṣùgbọ́n bẹntiróò wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, a ò tan ẹ̀rọ láìsí èrò.

Níbẹ̀rẹ̀, ilé dùn. Àwọn ará Ajue ń dá ara wọn mọ̀, wọ́n ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn. Òyìnbó náà ń rìn nínú igbó wa, mo ti sọ ọ́ lórúkọ, Akin ni mo pè é. Mo sọ fún wọn pé ó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Àwọn ará ìgbẹ́ jáde sí i. Mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o, bí mo ṣe máa ń ṣe, àwọn ará Ajue sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú Akin, wọ́n so ó mọ́ òpó. Ni bàbá mi bá yọ, pẹ̀lú eegun lọ́rùn. Ilé pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu. Lẹ́tà yọ nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú mi lọ sí lẹ́tà. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n pa ọkùnrin náà, pé àwọn máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo fa ohùn bọ́ọ̀sì yọ látinú ikùn, mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, mo fi Ìkálẹ̀ sọ ọ́ ketekete. Bàbá mi ń sọ Ìkálẹ̀ nínú fíìmù, èmi náà ń sọ Ìkálẹ̀ lé e lórí. Mo ń túmọ̀ èdè wa sí èdè wa. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, tèmi ni wọ́n gbọ́. Bí ẹnìkan bá ti ń kọ́ ojú láti sáré fún ọdún púpọ̀, kò ní rántí pé òun ní etí.

Kí ilé tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Akin ti já okùn. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìgbẹ́ kan, ó yìn ín mọ́ bàbá mi láyà. Bàbá mi ṣubú lẹ́bàá òpó. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ pariwo, “Ákítọ̀ kì í kú!” Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Páànù gbọ̀n. Àwọn ará Ajue ni mò ń wí, àwọn tó bá a jẹ oúnjẹ Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohùn mi sì wà lókè gbogbo wọn nínú gbohùngbohùn, mo ń wí pé Akin ti pa bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ wá, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń rántí ẹni tó jókòó nínú àga. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún.

Kò dìde. Ó jókòó títí fíìmù fi parí, bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí. Nígbà tí àwọn èèyàn ti jáde, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ká téépù padà. Ó ní, “Ọma mi, wéè gbọ́ mi?” Ṣé n ò gbọ́ òun ni, ohun tó ń bi mí nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mo kà. Mo ní òyìnbó ló kọ ọ́.

Ó ní, “Mo mọ̀ pé òyìnbó éè gbọ́ mi. Ìwọ ńkọ́?”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká téépù. Ó yíjú, ó lọ wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn ò kọrin padà sí Ajue.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Àwọn ọmọdé Ajue bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba Ajènìyàn, àwọn ìyá wọn ń nà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, àwọn ìyá náà ń fi í dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tó sọ, ó ti sọ ọ́ fún wọn nígbà ogún kí fíìmù tó dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ojú wọn rí i pẹ̀lú eegun lọ́rùn, wọ́n sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé ife, ó ń bọ̀ láàárín ìjọ, alùfáà sì ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ Olúwa. Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì í náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbé ife padà sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi aṣọ bò ó, ó jáde. Kò gbé e mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Àwọn èrò ní kí a tún gbé fíìmù yẹn sí i, Baba Rafíù sì gbà. Mo rò ó pé tó bá dé ibi tí bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀, n ó dákẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó sọ. Ó dé ibẹ̀, mo dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń han, ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n yẹn ò sì ní ohùn tó pọ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní, “Ògbufọ̀, sọ̀rọ̀!” Mo wá sọ ọ́ fún wọn pé ó ní kí wọ́n tú ọkùnrin náà, kí wọ́n fún un lómi. Wọ́n ní mo ti ba fíìmù jẹ́. Obìnrin kan ní ti ẹ̀jẹ̀ yẹn dùn jù. Mo gbé gbohùngbohùn lé orí tẹlifíṣọ̀n, mo jáde, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi ò bá mi jà. Ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé wá, ó ń bèèrè àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè dé, tí oníwàásù ti ọ̀nà jíjìn wá, olùkọ́ kan láti ìlú mìíràn ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti ṣe ògbufọ̀. Mo gbọ́ pé bàbá mi ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn bí àlejò, mò ń fetí sí ẹlòmíràn. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Kò dárúkọ fíìmù náà sí mi létí mọ́, èmi náà ò sì ní ìgboyà láti dá a sílẹ̀. Ìtìjú yẹn wà lára mi títí di bí mo ṣe jókòó yìí.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń ta káàdì ìpè fóònù ní oríta, máa ń sọ fún mi pé ayé ti yí padà. Ó ní àwọn dúdú ti di ákítọ̀. Ó fi ọ̀kan hàn mí nígbà Kérésìmesì tó kọjá, ọkùnrin dúdú kan gba odindi ìlú sílẹ̀, kò sì kú. Mọ́rẹ́nikẹ́ sunkún ayọ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti bàjẹ́. Nígbà tó ń wo ákítọ̀, èmi ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn, mò ń wò ó bóyá wọ́n á fún ẹnìkan ní ẹrù rù, mò ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ já sódò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé fóònù wá bá mi níbi yìí gan-an, ọ̀sán ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo nǹkan tí àwọn èèyàn ń pín kiri. Fíìmù àtijọ́ kan ni, wọ́n gé e kúrú, kò tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn èèyàn láti ìlú tí mi ò mọ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ jọ sábẹ́ rẹ̀, ó ka díẹ̀ fún mi, mo ní kó má kà á mọ́. Kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bàbá mi ti kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, a ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Èmi náà ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹfun ti bò ó lójú. Ọwọ́ tó nà sókè ni mo fi dá a mọ̀. Ojú ibi tí aago wà mọ́ kedere.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó bá mi tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, kò sí gbohùngbohùn, kò sí èmi. Mo di ojú mi kí n má baà rí lẹ́tà, mo gbé e sétí. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, mo gbọ́ bàbá mi.

Ó ní, “Ẹ tú u sílẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ẹ́ pa ọma ọlọ́ma. Ẹ bu omi fún un.” Mo ti mọ ìyẹn. Kò dúró níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó rí i pé kò sí ẹni tó ń dá òun lóhùn, ó sì ní, “Wọn éè gbọ́ mi. Ẹ ránṣẹ́ sí ọma mi ní Ore. Òun ló gbọ́ èdè wọn, kó wá bá mi sọ ọ́.”

Èyí tó fi pamọ́ dè mí nìyẹn. Ohun tó fi ọdún méjì pamọ́, tó wọ agbádá, tó jókòó síwájú pátápátá, kí n lè gbọ́ ọ níṣojú gbogbo Ajue. Orí rẹ̀ gan-an ni mo gbé ohùn bọ́ọ̀sì lé.

Mọ́rẹ́nikẹ́ rí i pé mò ń sunkún, ó sì kúnlẹ̀. Yorùbá ìlú ńlá ló fi dàgbà ní oríta yìí, Ìkálẹ̀ àwọn àgbà ò yé e tán. Ó ní, “Bàbá àgbà, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé wọ́n fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn?”

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sọ ohun tí òyìnbó ń wí fún àwọn èèyàn Ore. Ohun tí bàbá mi wí, Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún, ẹ̀yin ni ìkejì. Ó ní kí wọ́n fún ọkùnrin náà lómi. Ó ní kí wọ́n wá pè mí.